Iye Tí Ahmes Kò Kọ

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti mọ páì kí àwọn Gíríìkì tó mọ̀ ọ́n, àti pé 3.16 ni iye tí wọ́n fún un. Inú ẹni tó ń sọ ọ́ a máa dùn, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni Íjíbítì wà. Èmi náà kì í ṣe ọ̀tá ìyìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni a ń yìn gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé náà wò. Akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ahmes ni ó dà á kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Krístì, láti inú ìwé mìíràn tó ti pẹ́ jù ú lọ. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà lónìí. Nínú ìṣirò 50, oko róbótó kan wà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ khet 9, khet kan sì jẹ́ 100 ìgbọ̀nwọ́. Báwo ni oko náà ti tóbi tó? Ahmes ní: yọ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án kúrò lára ìbú náà, èyí ni 1, ó ku 8. Wá ìlọ́po 8 lọ́nà 8. Ó kọ 8 sílẹ̀, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 16. Ó tún un ṣe, 32. Ó tún un ṣe, 64. Ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe nínú ìṣirò 41, níbi tí ó ti ń wá iye ọkà tí àká róbótó lè gbà.

Níbo wá ni páì wà níbẹ̀? Páì ni iye ìgbà tí ìbú òbírí wọ inú àyíká rẹ̀. Ahmes kò wọn àyíká kankan. Àwa ni a mú 64 rẹ̀, tí a fi ìṣirò tiwa tú u palẹ̀, tí a rí 256 tí a fi 81 pín, tí a sì wí pé tirẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ní ohun kan náà ni, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló yàtọ̀, kí ó rántí bí àwa fúnra wa ti ń kà. Àlejò tó bá gbọ́ márùndínláàádọ́ta lè kọ ọ́ pé 60, yọ 10, yọ 5. Ohun tó kọ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé ìyá ọlọ́sàn ń ṣe ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dárúkọ iye ọsàn rẹ̀, ó purọ́ mọ́ ọn.

Kò burú kí a fi ìṣirò òde òní yẹ iṣẹ́ Ahmes wò. Tiwa fún oko kan náà jẹ́ 63.6; tirẹ̀ sún mọ́ ọn púpọ̀. Ohun tó burú ni kí a ki ìbéèrè tiwa bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà náà, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní ó mọ páì, ẹni tó ń gàn án yóò ní ó ṣi páì ṣe, àwọn méjèèjì yóò sì ti gbàgbé ìdá mẹ́sàn-án tó yọ, èyí tó jẹ́ ọgbọ́n inú ìwé náà gan-an. Ìyìn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, olè ni mo kà á sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wádìí ibi tí ìdá mẹ́sàn-án náà ti wá, kí ó lọ wo ìṣirò 48. Ahmes ya àwòrán kan sínú onígun mẹ́rin níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní onígun mẹ́jọ ni. Àwọn mìíràn ní òbírí tí ọwọ́ kò yà dáadáa ni. Ó ṣírò 8 lọ́nà 8 àti 9 lọ́nà 9 sí i. Kò kọ ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ kankan.