Ṣé Ọ̀dàlẹ̀ Ni Samba?

Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Blackburn Rovers ń jà kí wọ́n má bàa já kúrò ní Premier League. Chris Samba, òpó ẹ̀yìn wọn, ní òun fẹ́ lọ. Kí oṣù kejì tó parí, ó ti wà ní Anzhi, ní Rọ́ṣíà.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni? Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà, bí iléeṣẹ́ míì bá fi owó ńlá lọ̀ wá, ṣebí a máa ń lọ ni. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù pàápàá, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń ta èèyàn. Àmọ́ kí sáfà dákú, kéèyàn wá gbé báàgì ẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ìyẹn ò dáa. Àsìkò ló ń dùn wá, kì í ṣe lílọ.

Yakubu Aiyegbeni tiwa dúró. Góòlù 17 ló gbá wọlé ní líìgì. Wọ́n ṣì já. Ìgbà tí sáà parí lòun náà tó gba Ṣáínà lọ, àwa ò sì bú u.