Ohun Tí A Yá, Báwo Ni A Ṣe Ń Dá A Padà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀wò lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ọ̀rọ̀ eruku ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré: bí ẹnì kan bá yá wa ní nǹkan, ǹjẹ́ a jẹ ẹ́ ní gbèsè ohun tí ojú rẹ̀ kò lè rí?

Ní ọdún 2023, ọ̀kan nínú wa lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Ní àkókò ìsinmi, ọmọ náà àti ọkọ rẹ̀ mú màmá àti àwọn ọmọ lọ sí aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Black Rock, wọ́n sì sùn níbẹ̀ fún òru méjì nínú àgọ́ tí wọ́n yá lọ́wọ́ aládùúgbò wọn. Ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan ni ilẹ̀ náà jẹ́ ní ìgbà láéláé. Omi gbẹ, ó ku amọ̀ tí ó kúnná lẹ́búlẹ́bú. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni yóò gbé e, yóò sì wọ inú ẹrù, inú bàtà àti inú eyín síìpù. Kì í ṣe irú eruku ọyẹ́ wa tí a lè fi àkísà nù kúrò. Ó ní irú agbára tí omi eérú ní, omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, tí í máa jẹni lọ́wọ́ bí ó bá pẹ́ lára.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, ọkọ ọmọ ká àgọ́ náà, ó fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tí ó ni ín. Màmá ní kí ó dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin náà dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Màmá, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Oṣù tí ń bọ̀ ni àwọn náà máa gbé e lọ sí aṣálẹ̀ kan náà. Eruku kan náà ni yóò tún kún inú rẹ̀." Màmá kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ó kàn ní kí wọ́n bá òun wá búrọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní odindi ọjọ́ kan. Wọ́n gbọn àgọ́ náà, wọ́n dojú rẹ̀ dé kí eruku inú igun lè jáde, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a ní gbígbẹ, nítorí bí omi bá kọ́kọ́ kan irú eruku bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò dà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu fínígà díẹ̀, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní ọtí kíkan, sínú omi púpọ̀, wọ́n fi aṣọ rírọ̀ nù ún, wọ́n sì fi omi lásán ṣàn án. Kíkan fínígà ni ó ń pa agbára eruku náà. Wọn kò kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, nítorí ẹ̀rọ a máa bó ohun tí wọ́n fi kun àgọ́ tí òjò kì í fi í wọlé. Wọ́n sá a sí ibi òjìji títí ó fi gbẹ pátápátá, nítorí àgọ́ tí a bá ká ní tútù yóò bu, yóò sì máa rùn.

Nígbà tí arábìnrin yìí ròyìn fún wa ní ìpàdé, púpọ̀ nínú wa rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ó ti fìtínà àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan láàrin wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ rántí ìkòkò mi." Gbogbo ilé dákẹ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a yá ìkòkò ńlá méjì lọ́wọ́ ìyá yìí fún oúnjẹ Ìkórè. A dá wọn padà pẹ̀lú ìdí tí ó ti jóná, ọmọrí ọ̀kan sì ti sọnù. A gbé wọn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé, a sì bá tiwa lọ. Ìyá kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, bí a bá ní kí ó yá wa ní nǹkan, yóò ní kò sí nílé, àwa a sì máa sọ láàrin ara wa pé ahun ni. Àwa ni a jẹ gbèsè, òun ni a sọ ní orúkọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn wò, nítorí ọ̀rọ̀ tiwa náà ni. Ó ní àgọ́ yóò tún dọ̀tí. Òtítọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò yóò tún dúdú lórí iná. Bí ẹni tí ó ni àgọ́ bá sọ pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ parí, nítorí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi í jì wọ́n. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yá a ni ó sọ ọ́. Onígbèsè kò lè jókòó sí ilé ara rẹ̀ kí ó dárí gbèsè ji ara rẹ̀. Ohun tí àwa sì ṣe nìyẹn nígbà tí a wí nínú ọkàn wa pé, "Ìyá kò ní bínú."

Àwọn mìíràn lè wí pé ẹni tí ó ni ín kò ní mọ̀. Èyí gan-an ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wúwo. Eruku inú síìpù kì í ba nǹkan jẹ́ lójú ẹni tí ó kó o bá a. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́, títí síìpù yóò fi bàjẹ́ mọ́ ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ sùn. Yóò rò pé àgọ́ òun ni ó ti gbó. Ọlọ́run nìkan ni ẹlẹ́rìí irú ìpalára bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin kan béèrè pé, ṣé Jésù kò bá àwọn Farisí wí nítorí fífọ ago àti àwo? Ó bá wọn wí ní tòótọ́, nínú Mátíù orí 23. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé wọ́n fọ ago. Ó bá wọn wí nítorí pé ìta ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n fi inú sílẹ̀. Ẹni tí ó fọ àgọ́ kí aládùúgbò lè yìn ín, ìta ago ni ó fọ̀. Ẹni tí ó fọ igun tí ẹnikẹ́ni kò ní wò, inú ago ni ó ń fọ̀.

Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì kò sì lè sọ pé a kò gbọ́ rí. Nínú Ìlànà tí John Wesley tẹ̀ jáde fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1743, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe ibi, èkejì sì ni pé kí a máa ṣe rere. Lára ibi tí ó kà sílẹ̀ ni kí ènìyàn yá ohun tí kò jọ pé yóò lè san padà. Inú ìwé kan náà ni ó ti ka ìmutípara àti ìjà.

Kí ni kí a wá ṣe sí èyí tí kò ṣeé fọ̀? Ọ̀kan nínú àwọn èèkàn àgọ́ náà ti tẹ̀. Màmá ní kí wọ́n mú un dání, kí wọ́n fi han aládùúgbò. Ẹ rántí ọmọ wòlíì tí irin àáké bọ́ sí omi, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 6. Kò wá àwáwí. Ó kígbe lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí òun yá ni. Ó ti jẹ́wọ́ kí irin tó léfòó.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Àwa ni a bẹ́gi dí ọ̀nà ara wa. A ti ra ọmọrí mìíràn. Mẹ́ta nínú wa gbé e lọ sí ilé ìyá, a kúnlẹ̀, a sì tọrọ àforíjì. Ìyá gbà á, ó sì bu omi fún wa mu. Ó ní òun yóò yá wa ní ìkòkò náà fún Ìkórè tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ni yóò kà wọ́n kí a tó gbé wọn lọ, òun náà ni yóò sì kà wọ́n nígbà tí a bá gbé wọn dé. A kò bá a jiyàn.

Ẹ̀yin arábìnrin, kí olúkúlùkù wa wo inú ilé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kúlà ta ni ó wà lábẹ́ tábìlì wa? Agboòrùn ta ni ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ẹ jẹ́ kí a fọ̀ ọ́, kí a dá a padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín, kí a sì fi ẹnu sọ èyí tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Kí Olúwa tí ó yá wa ní ẹ̀mí àti ara fún wa ní ore-ọ̀fẹ́ láti ṣe é, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.