Ìdàgbà Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ẹ̀rí

Ní Lúùkù 2:52, a rí i pé kì í ṣe ọgbọ́n nìkan ni Jésù fi dàgbà. Ó dàgbà nínú ojúrere Ọlọ́run àti ti ènìyàn pẹ̀lú.

Ní 2005 ni Yunifásítì Redeemer's bẹ̀rẹ̀ ní Redemption Camp, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Àyíká àdúrà ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti kàwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò lè fi òùngbẹ sùn.

Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, a gba ipò kìíní nínú Ìmọ̀ Bíbélì, síbẹ̀ odindi táámù méjì ni a kò fi kí ọ̀rẹ́ wa, nítorí búkẹ́ẹ̀tì omi kan. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a jáde ni a tó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ náà ni a dàgbà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ jáde, ẹ má bi í léèrè máàkì nìkan. Ẹ bi í pé: ta ni o kò tíì bẹ̀? Kí Olúwa mú wa dàgbà. Àmín.