Àgbébọ̀ tí ó kọ
Àwọn Àṣáńtì, tí Kumasi jẹ́ olú ìlú wọn, a máa pa á lówe pé àgbébọ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu àkùkọ ni ó ń wò. Bí àgbébọ̀ bá wá kọ ńkọ́? Èèmọ̀ kọ́. Ilé ẹyin apá òsì nìkan ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ lára abo adìẹ. Bí àìsàn bá bà á jẹ́, ti ọ̀tún lè dàgbà bíi ti akọ: ogbe a tóbi, ohùn a yípadà.

Ara ni ó pa adìẹ lẹ́nu mọ́. Kí ni ó pa obìnrin lẹ́nu mọ́? Àṣà ni. Ní 1900, Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, ṣáájú ogun sí Gẹ̀ẹ́sì láìwo ẹnu ọkùnrin. Òwe náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé abo mọ̀. Ìdákẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí àìmọ̀.