Olùkọ́ Tó Fi Ẹ̀rọ Ṣe Adájọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ní yunifásítì tí wọ́n ń pè ní Texas A&M University-Commerce nígbà náà. Mo fẹ́ kí ìwọ tó o jẹ́ olùkọ́ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ìwọ tó o jẹ́ òbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́, má ṣe dìde lọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ṣakí lọ́la.

Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn. Sáà ẹ̀kọ́ ti parí. Àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ti ń retí ìwé ẹ̀rí wọn. Ìwọ náà mọ bí irú àkókò yẹn ṣe máa ń rí nínú ilé. Ìyá á ti máa ro aṣọ tí yóò wọ̀. Bàbá á ti máa sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọmọ òun ti fẹ́ gboyè. Ọmọ fúnra rẹ̀ á ti máa wá iṣẹ́ kiri.

Lójijì ni ímeèlì olùkọ́ náà dé. Ó sọ fún wọn pé òun ti yẹ iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n kọ kẹ́yìn wò, òun sì ti fi ChatGPT dán an wò bóyá ChatGPT ló kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ChatGPT bá ti ní òun lòun kọ, òdo ni olùkọ́ fún un. Dípò máàkì tí wọ́n ń retí, X ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí, ìyẹn ni pé èsì wọn kò tíì pé. Olùkọ́ ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀. Yunifásítì sì dá ìwé ẹ̀rí dúró títí wọn yóò fi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Má tíì bínú sí olùkọ́ yìí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù wà lóòótọ́. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde fún aráyé. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní AI. Bí o bá ní kó kọ àròkọ fún ọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi kọ ọ́ tán. Oṣù mẹ́fà kò tíì pé nígbà náà tí ẹ̀rọ yìí dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé ti ń lò ó, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì tíì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ tó fẹ́ràn òtítọ́ kò ní fẹ́ kí ọmọ gba máàkì iṣẹ́ tí kò ṣe. Èrò rẹ̀ dára. Ọ̀nà tó gbà ló bà á jẹ́.

Ọ̀nà wo ló gbà? Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́.

Olùkọ́ náà ṣí ChatGPT. Ó da iṣẹ́ àwọn ọmọ náà sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá bi ẹ̀rọ náà pé ṣé òun ló kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò. Bí ẹ̀rọ náà bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì pé òun ni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò tíì béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé kó ṣàlàyé ohun tó kọ. Kò tíì ní kó mú ohun tó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ wá. Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, olùkọ́ sì ti kọ òdo.

Wo ohun tí kò mọ̀. ChatGPT kò ní ìwé kankan tó ń kọ gbogbo ohun tó ti bá àwọn èèyàn kọ sí, tí yóò ṣí wò nígbà tí o bá bi í. Ohun tí ọmọ kan bá a sọ lálẹ́ àná, kò mọ̀ ọ́n nígbà tí olùkọ́ bá ṣí i láàárọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà ni kí ó máa wá ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, títí èsì yóò fi jáde bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀. Bí o bá bi í pé, "Ṣé ìwọ lo kọ èyí?" yóò wá èsì tó bá ìbéèrè náà mu fún ọ. Ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè ní rárá. Kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Nítorí náà, bíbi í lẹ́ẹ̀kejì kò fi nǹkan kan kún un. OpenAI tó ṣe é fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ lẹ́yìn náà pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò wúlò, nítorí pé ẹ̀rọ náà máa ń hùmọ̀ ìdáhùn sí i nígbà mìíràn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde síta, ẹnì kan mú ímeèlì tí olùkọ́ náà fi fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ, ó dà á sínú ChatGPT, ó sì bi í ní ìbéèrè kan náà. Ẹ̀rọ náà ní òun lòun kọ ọ́. Olùkọ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ímeèlì yẹn. Ká ní ó ti kọ́kọ́ dán irinṣẹ́ rẹ̀ wò lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, kó tó fi í kan ọmọ ọlọ́mọ, ì bá ti rí òtítọ́ yìí, kò sì sí ọmọ tí ì bá sunkún.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Orí Google Docs ni àwọn kan ti kọ iṣẹ́ wọn. Google Docs máa ń fi ọjọ́ àti àkókò tí èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ pa mọ́, ó sì máa ń fi ibi tó ti yí i padà hàn. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú olùkọ́ àti yunifásítì. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, àwọn mélòó kan bọ́ pátápátá nínú ẹ̀sùn náà, wọ́n sì gba máàkì wọn. Àwọn mìíràn fara mọ́ ọn pé àwọn á ṣe iṣẹ́ tuntun. Ẹnì kan jẹ́wọ́ pé òun ti lo ChatGPT nínú ẹ̀kọ́ náà. Yunifásítì kéde pé kò sí ẹni tó fìdí rẹmi tàbí tí wọ́n dí lọ́wọ́ láti gboyè nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

O lè sọ pé bó bá ti parí síre, kí ló kù? Ohun tó kù pọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn gbọ́ pé òun ṣe èrú. Ó ní láti máa wá ẹ̀rí pé òun kì í ṣe olè, nígbà tó yẹ kó máa yọ̀. Olùkọ́ náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kárí ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Iṣẹ́ rere tó ti ń ṣe bọ̀ kọ́ ni aráyé ń sọ, àṣìṣe ọjọ́ kan yẹn ni.

Bóyá ìwọ ń rò pé àwọn irinṣẹ́ mìíràn wà tí wọ́n ṣe nítorí irú iṣẹ́ yìí gan-an. Òótọ́ ni pé wọ́n wà. OpenAI pàápàá gbé ọ̀kan jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé nínú 100 ìwé tí AI kọ, nǹkan bí 26 ni irinṣẹ́ náà dá mọ̀. Nínú 100 tí èèyàn kọ, ó fẹ̀sùn èké kan nǹkan bí 9. Oṣù Keje ọdún yẹn ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, nítorí kò ṣeé gbára lé.

Èyí tó tún yẹ kó kan àwa ọmọ Yorùbá jù lọ nìyí. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TOEFL. Wọ́n fi irinṣẹ́ méje tó ń wá ọwọ́ AI yẹ̀ ẹ́ wò. Tí a bá pín in dọ́gba, àwọn irinṣẹ́ náà ní AI ló kọ ju ìdajì wọn lọ. Àròkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé e kò rí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi èdè àjèjì kọ̀wé máa ń lo ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó dá a lójú, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀rọ náà kà sí àmì AI. Rò ó wò: ọmọ rẹ tó ń kàwé ní London tàbí ní Houston, tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lè jìyà ohun tí kò ṣe.

Ìwọ olùkọ́, mi ò ní kí o sá fún irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti ti ilé ìwé pa ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ nínú yín ti fi WhatsApp àti Zoom kọ́ ọmọ, ẹ sì ṣe é dáadáa. Máa kọ́ tuntun. Ṣùgbọ́n má ṣe lo irinṣẹ́ fún ohun tí o kò tíì mọ̀ pé ó lè ṣe. Dán an wò lórí iṣẹ́ ara rẹ àti lórí ìwé àtijọ́ tí o mọ ẹni tó kọ ọ́. Sọ fún àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà bóyá wọ́n lè lo AI tàbí wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó. Jẹ́ kí wọ́n kọ díẹ̀ lójú rẹ nínú kíláàsì, kí o lè mọ ọwọ́ olúkúlùkù. Bí ìfura bá dé, pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ. Ẹni tó kọ nǹkan fúnra rẹ̀ yóò lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ṣe iṣẹ́ rẹ fúnra rẹ. Máàkì tí ẹ̀rọ gbà fún ọ kò ní dúró tì ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ sí iṣẹ́. Tọ́jú ohun tí o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, má sì nu àtúnṣe rẹ dànù, nítorí ó lè jẹ́ òun ni yóò gbà ọ́.

Àwọn baba wa ti dájọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Olùkọ́ yẹn gbọ́ tẹnu ẹ̀rọ, ó sì dájọ́ kó tó gbọ́ tẹnu ọmọ. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí o tó kọ òdo síwájú orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, pè é, kí o sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.