ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: TA LÓ KỌ́KỌ́ FÚN UN?

  

*Bíbélì kíkà:* Àìsáyà 55:1-3, Dáníẹ́lì 1:8-16, Mátíù 7:9-11. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín, ẹ kà á ná, kí ẹ tó máa bá mi bọ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, "Ṣé oúnjẹ náà tún ti di ìwàásù ni?" Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi.

Nígbà tí a ṣe àríyá òpin ọdún fún àwọn ọmọ ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi wa, mo wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Páálí ẹlẹ́rìndòdò, páálí bísíkíìtì, ìpápánu aláràbarà tí wọ́n ya àwòrán ẹranko sí lára, gbogbo rẹ̀ la tò sórí tábìlì. Ìyá kan nínú ìjọ, tó ń ta tòmátì ní Mile 12, gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti wọtamẹ́lọ́ọ̀nù wá. Ó ti bó wọn, ó ti gé wọn wẹ́wẹ́ sínú ike ńlá méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n gbé e sí ìkángun tábìlì lọ́hùn-ún, torí kò sí nínú ètò tí mo ṣe. Kò sí ọmọ tó dé ibẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan, bóyá ọmọ ọdún 6, di aṣọ mi mú, ó ní, "Bàbá, èwo ló ní ẹ̀bùn nínú?" Kò béèrè èyí tó dùn o. Èyí tí wọ́n fi ohun ìṣeré sínú rẹ̀ ló ń wá.

Nígbà tí a parí, ìyá yẹn gbé ike rẹ̀ méjèèjì padà sílé. Kò bínú. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, wọn ò jẹ ẹ́." Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà, eyín bẹ̀rẹ̀ sí dun ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkòsì. Òru ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń sunkún, ìyá rẹ̀ ń sunkún, èmi ń gbàdúrà, mo ń pàṣẹ fún ìrora kó kúrò. Ilẹ̀ mọ́, a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹnu ọmọ wò, ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí lọmọ yìí máa ń mu?" Mo dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Ẹlẹ́rìndòdò ni o. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rà á fún un tó bá ti ilé ìwé dé. Tí mi ò bá rà á, kò ní jẹ́ kí n sinmi." Nọ́ọ̀sì náà wò mí. Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ fún un?"

Ẹ̀yin ará, mi ò rí èsì fọ̀. Eyín 3 ni wọ́n yọ lẹ́nu ọmọ yẹn.

*1. Ẹni tó ń pe àwọn ọmọ wa kì í sùn*

Wòlíì Àìsáyà bi àwọn èèyàn ìgbà rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Ó fẹ́ mọ ohun tó dé tí wọ́n fi ń ná owó sórí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, tí wọ́n ń fi òógùn ojú ra ohun tí kì í yóni. Ìbéèrè yẹn ṣì ń bẹ ní Kétu títí dòní. Tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá ti mú lójú títì, ẹ wo ohun tí wọ́n ń sáré gbé bá wa lójú fèrèsé dánfó, kí ẹ sì ka iye rẹ̀ tó jẹ́ oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjà náà ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1986 ni UAC ṣí Mr Bigg's àkọ́kọ́ ní Marina, l'Ékòó. Nígbà tó yá, irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ di ibi tí à ń gbé ọmọ lọ tó bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò, ibi tí à ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ní 1988 ni Indomie wọ Nàìjíríà. Nígbà tó di 1995, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní Ọ̀tà. Ní 2009 ni KFC dé. Àwọn ọmọ tó fi ẹnu kan nǹkan wọ̀nyí nígbà náà ti di bàbá àti ìyá lónìí, àwọn náà sì ti ń fún ọmọ tiwọn.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gba owó oṣù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ọlọ́jà mọ ohun tó ń ṣe. Tó bá fẹ́ ta ọjà fún bàbá, á sọ iye tó jẹ́. Tó bá fẹ́ tà á fún ọmọ, á ya kìnnìún tó ń rẹ́rìn-ín sí i lára, á fi orin sí i, á fi ohun ìṣeré sínú rẹ̀, á sì tò ó sísàlẹ̀ níbi tí ojú ọmọdé máa dé, nítòsí ẹni tó ń gba owó. Ọmọ kékeré ò tíì lè mọ̀ pé owó ni ẹni tó ń kọrin fún òun lórí tẹlifíṣàn ń wá. Ọ̀rẹ́ òun ló pè é.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gba gbogbo orílẹ̀-èdè níyànjú ní 2010 pé kí wọ́n dín bí wọ́n ṣe ń polówó oúnjẹ tó kún fún ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá fáwọn ọmọdé kù. Ní ilẹ̀ Chile, láti 2016, òfin ti ní kí wọ́n lẹ àmì dúdú mọ́ oúnjẹ tí ṣúgà tàbí iyọ̀ inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, kí wọ́n sì yọ àwòrán ẹranko aláwàdà kúrò lára irú páálí bẹ́ẹ̀. Nílé wa níbí, òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n náírà 10 ò lè bá wa tọ́ ọmọ.

Ẹ dán nǹkan kan wò láàárọ̀ yìí. Ẹ ní kí ọmọ yín kọ orin ìpolówó kan fún yín. Á kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ẹ wá ní kó ka akọ́sórí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ó rí ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ jù nínú àwa àti ọlọ́jà.

*2. Ohun tó wà nínú ìgò*

Ẹ gbé ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà gíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 100, á jẹ́ pé gíráàmù 50 ló wà nínú ìgò kan ṣoṣo. Ṣíbí tíì kan ń gba bíi gíráàmù 4. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ṣíbí 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí àgbàlagbà bá fẹ́ kí ara òun le dáadáa, kí ṣúgà tó ń fi kún oúnjẹ má kọjá bíi gíráàmù 25 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí 6. Àgbàlagbà nìyẹn o. Ọmọ ọdún 6 wá ńkọ́?

Núdù inú ọ̀rá náà ńkọ́? Ìyẹ̀fun, òróró àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àpò èròjà kékeré yẹn ló sì gbé èyí tó pọ̀ nínú iyọ̀ dání. Tí ẹ bá sè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ fi ẹyin, kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ sí i, tí ẹ sì da ìdajì èròjà náà nù, kò sí ìjà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọmọ tó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, tó tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́, tí kò dá ẹ̀fọ́ mọ̀ mọ́.

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ burúkú sì wà. Eyín jíjẹrà, sísanra ju bó ṣe yẹ, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru: púpọ̀ nínú wọn kì í yọjú lọ́jọ́ kan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Àwa Kristẹni kì í rúbọ, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù bóyá òun ò mọ ìtumọ̀ òwe yẹn.

*3. Ọjà wà lẹ́yìnkùlé wa*

Èyí ló dùn mí jù. Àwa tá à ń gbé Kòsọ́fẹ́, ọjà oúnjẹ tí gbogbo Èkó ń gbára lé wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Òru ni ọkọ̀ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ń ti òkè Ọya wọ Mile 12. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gbogbo rẹ̀ kún ọjà eléso ní Kétu. Èèyàn ń ti òdìkejì Èkó wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa láti rà á. Àwa fúnra wa wá ń fi bísíkíìtì àti omi aláwọ̀ pupa sínú báàgì ọmọ. A dà bí ẹni tó wà létí odò, tó ń fi itọ́ fọwọ́.

Mo mọ ìnira o. Ẹni tó gbọ́dọ̀ dé ọjà ní aago 4 ìdájí, ìgbà wo ló fẹ́ rẹ ẹ̀wà, tó fẹ́ lọ̀ ọ́? Bísíkíìtì ò nílò iná, kò nílò gáàsì, ọmọ lè fúnra rẹ̀ ya á. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti dá ìyá kankan lẹ́bi. Àwa bàbá ni mo fẹ́ bi: ṣé ìyá nìkan ló bí ọmọ ni? Tí ìyá bá wà lọ́jà, ta ló wà nílé tí kò lè se ẹyin, tí kò lè bó ọsàn?

*4. Ọmọ ló pinnu, àgbà ló gbé oúnjẹ fún un*

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Bábílónì. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí kúrò nílé, wọ́n gbé oúnjẹ ọba síwájú wọn. Oúnjẹ iyì ni nígbà yẹn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹni ńlá ni. Dáníẹ́lì pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun ò ní jẹ ẹ́. Ó bẹ ẹni tó ń tọ́jú wọn pé kó fi ọjọ́ 10 dán àwọn wò, kó fún wọn ní ohun ọ̀gbìn jẹ àti omi mu. Nígbà tí ọjọ́ 10 pé, ojú wọn dán, ara wọn sì yọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

A máa ń yin Dáníẹ́lì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn yẹn. Ẹ̀rù ọba wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ ó gbà. Ká ní ó kọ̀ ni, kí ni Dáníẹ́lì ì bá jẹ? Bó ti wù kí ọmọ dáa tó, ohun tí àgbà bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa jẹ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Jésù ti sọ ọ́ nínú Máàkù 7 pé ohun tó ń wọ ẹnu lọ kọ́ ló ń sọ èèyàn di aláìmọ́. Bísíkíìtì ò ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ọ̀run. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù náà sọ nínú 1 Kọ́ríńtì 6 pé tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara wa. Ara ọmọ náà ńkọ́? Tẹ́ńpìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ ni. Àwa la wà nídìí bíríkì.

Jésù tún béèrè pé bàbá wo ló máa gbé òkúta fún ọmọ tó béèrè oúnjẹ. Tiwa le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òkúta gan-an lọmọ wa ń béèrè, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti fi orin sí i. Bàbá rere láyé ìsinsìnyí gbọ́dọ̀ lè fi ìfẹ́ sọ pé "rárá," kó sì ní búrẹ́dì lọ́wọ́ tó máa fi dípò rẹ̀.

*IṢẸ́ ỌJỌ́ 10*

Ẹ jẹ́ ká ṣe bíi Dáníẹ́lì, bẹ̀rẹ̀ láti òní:
✅ Omi ni kọ́mọ máa mu dípò ẹlẹ́rìndòdò.
✅ Èso kan nínú báàgì ọmọ lójoojúmọ́. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí ẹ̀pà tí kò bá sí owó.
✅ Ó kéré tán, ọjọ́ 3 nínú rẹ̀, kí ó jẹ́ ògì àti àkàrà, tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀.
✅ Ní Sátidé, ẹ mú ọmọ lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú èso tó wù ú, kó bá ìyá eléso ná an.
✅ Ẹ má fi ṣúgà pa ọmọ lẹ́nu mọ́, ẹ má sì fi san ẹ̀san fún un. Ẹ yìn ín, ẹ gbé e mọ́ra.

Mi ò ní purọ́ fún yín, kò rọrùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi, odindi ọjọ́ 3 ni kò fi kí mi dáadáa. Títí di báyìí, ó ṣì máa ń wo ojú mi tí a bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n bó ọsàn fún òun.

Mo ti lọ bá ìyá wa tó ń ta tòmátì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kó tún bá wa gé èso wá síbi àríyá àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé àárín tábìlì lẹ máa gbé e sí lọ́tẹ̀ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

*ÀDÚRÀ*
🙏 Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti fi owó mi ra àìsàn fún ọmọ mi láìmọ̀.
🙏 Fún mi ní ọgbọ́n láti sọ "rárá," àti agbára láti pèsè ohun tó dáa ju ohun tí mo kọ̀ lọ.
🙏 Bùkún ọwọ́ àwọn ìyá wa ní Mile 12 àti Kétu. Má jẹ́ kí wọ́n bọ́ gbogbo ìlú kí ọmọ tiwọn máa wá ebi.
🙏 Àwọn ọmọ wa kò ní kú lọ́mọdé, a ò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe wọ́n. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á dára fún wa o. Tí ẹ bá mọ òbí kan tí ọ̀rọ̀ yìí lè ràn lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ má gbàgbé àwọn bàbá-ìyá àti ìyá-ìyá, torí àwa gan-an la máa ń bà wọ́n jẹ́ jù.