Gbèsè Àlejò ní Etíkun

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu, ní Lomé àti ní ilẹ̀ Faransé, a máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìsinmi. Etíkun ni wọ́n fẹ́ dé. Wọ́n á ṣírò owó ọkọ̀, wọ́n á wá ilé ìtura ní Grand-Popo tàbí ní Ouidah, wọ́n á bèèrè oṣù tí òjò kì í rọ̀. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà bèèrè, òun ni mo sì fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó lọ sinmi ní ilẹ̀ onílẹ̀, tó san gbogbo owó tí wọ́n dá lé e, ṣé ó tún jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?

Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé rárá. Ó sùn, ó sanwó, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sanwó, ọ̀rọ̀ parí. N kò fojú kékeré wo ìdáhùn yìí. Ó sàn ju ti ẹni tó ń ná atukọ̀ títí tí èrè fi tán lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ẹ ṣàkíyèsí pé onílé ló jẹ gbèsè inú òwe yìí. Òun ló lọ yáwó kí ẹran lè wà nínú ọbẹ̀. Àlejò jẹun yó, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ inú òkun nítòsí Grand-Popo. Ní 2017, UNESCO ka agbègbè odò Mono, lápá ti Benin àti lápá ti Togo, mọ́ àwọn ibi tí a ní láti dáàbò bo ohun abẹ̀mí inú wọn. Igi tí àwọn Faransé ń pè ní palétuvier kún ibẹ̀, gbòǹgbò wọn na ẹsẹ̀ sínú omi oníyọ̀. Àlejò tó jókòó sínú ọkọ̀ á rò pé bí Ọlọ́run ti dá a sílẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn apá kan níbẹ̀, Zangbeto ni wọ́n fi sọ igi náà di èèwọ̀ (ará Àjàṣẹ́ kò nílò àlàyé ohun tí Zangbeto jẹ́), kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àdá kàn án. Igi ìdáná sì ni igi yìí. Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah, àwọn obìnrin a máa ha ilẹ̀ oníyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n, wọ́n á da omi lé e lórí. Omi tó bá ro sísàlẹ̀ ni wọ́n á gbé kaná títí yóò fi gbẹ di iyọ̀. Iná yẹn kì í jẹ igi díẹ̀. Ẹni tí kò bá gé igi tó wà nítòsí, ó di dandan kí ó ra òmíràn tàbí kí ó rìn jìnnà. Níbikíbi tí igbó náà bá ṣì tutù ní etíkun yìí, ẹnì kan ló kó ara rẹ̀ níjàánu. Owó ọkọ̀ kò san èyí. Kò sí ẹni tó tà á, nítorí náà kò ní iye.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá lè ta kò mí pé kì í ṣe nítorí àlejò ni wọ́n ṣe pa á léèwọ̀. Òótọ́ ni. Láàárín gbòǹgbò wọ̀nyẹn ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Apẹja ló kọ́kọ́ nílò wọn. Ìdí nìyí gan-an tí àlejò kò fi lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó gun ọkọ̀ òfurufú dé lánàá, tó ń bá obìnrin oníyọ̀ wí pé ó ń ba igbó jẹ́, ó ti gba ipò tí kò sẹ́ni tó fi í sí.

Ti Ganvié tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba ńlá àwọn Tofinu sá wọ inú adágún Nokoué nítorí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ibi ìsásí ni ohun tí àlejò ń pè ní ẹwà. Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ọmọ Kétu, tí ogun Dàhòmì fọ́ ìlú wa ní 1886. Bí ará Ganvié bá wá fi ọwọ́ tàbí fìlà bo ojú nígbà tí a na ẹ̀rọ ayàwòrán sí i, àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín pé àìlajú ni. Lójú tèmi, ó ń sọ fún wa pé owó ọkọ̀ tí a san kò kan ojú òun.

Kí ni kí ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò wá ṣe? Àlejò fẹ́ ewé tútù, kò sì fẹ́ òjò tó mú un tutù. Ó ń sá fún oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, ó ń wá ní Kérésì. Àwọn oṣù ìparí ọdún yìí náà sì ni ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin sórí iyanrìn lóru, iná sì máa ń da òun àti ọmọ rẹ̀ láàmú. Nítorí náà, kí ó tó sanwó yàrá, kí ó bèèrè lọ́wọ́ onílé ìtura bóyá wọ́n ń pa iná tó kọjú sí òkun lóru. Kí ó bèèrè bóyá ọmọ abúlé ló ni ọkọ̀ tí wọn yóò fi gbé e. Bí ó bá sì gba Djègbadji kọjá, kí ó ra iyọ̀. Iyọ̀ náà kò wọ́n. Kí ó má ná an.